Báńjò: Gìtá Ni àbí Ìlù? Ohun Tí Olórin Ń Wò Kó Tó Gbé E Gun Ìtàgé

Ọmọkùnrin àdúgbò wa kan ní Òkè-Baálẹ̀ gbé àpótí dúdú gbọọrọ kan wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rà á o." Ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè pa ẹnu dé. Ó ṣí àpótí náà: báńjò tuntun ni, irin ara rẹ̀ ń kọ mànà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń wo fídíò àwọn oníbáńjò Amẹ́ríkà lórí fóònù, ló bá tu owó jọ, ó sì rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ karùn-ún rèé tó ti ń ta á, ohùn tó ń gbọ́ nínú fídíò ò jáde. Mo ka okùn orí rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Mo fọwọ́ lérán. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Báńjò ni wọ́n tà fún un lóòótọ́, kì í kàn án ṣe irú èyí tó ń wò ni.

Kì í ṣe òun nìkan lọ̀rọ̀ yìí dàrú mọ́ lójú. Láti oṣù kejì ọdún 2024 tí Beyoncé ti gbé orin kan jáde, tó jẹ́ ìró báńjò ló fi bẹ̀rẹ̀, ni ìbéèrè ti pọ̀. Èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta la jọ ń kọ orin ìbílẹ̀ níbí ní Òṣogbo: dùndún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ohùn, àti báńjò tèmi. Bá a bá ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, ẹnìkan á ti fà mí lápá. Ṣé gìtá nìyẹn ni? Kí ló dé tí mo ní méjì, tó sì jẹ́ ọ̀kan péré ni mo máa ń gbé wá? Kí ni mo ń kì sẹ́yìn rẹ̀ kí n tó gun ìtàgé? Àwọn kan tilẹ̀ ti pinnu pé oògùn ni. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Gìtá ni àbí ìlù?

Ìlù ni. Ìlù tí wọ́n fi ọrùn sí ni.

Bẹ́ ẹ bá tú ọrùn àtàwọn okùn rẹ̀ kúrò, ohun tó kù lọ́wọ́ yín ò yàtọ̀ sí tanboríìnì tí wọ́n ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà: igi tí wọ́n tẹ̀ ní roboto, awọ tí wọ́n nà bo ojú rẹ̀, àti irin kéékèèké tí wọ́n fi há awọ náà mọ́lẹ̀ yí po. Íǹṣì 11 ni fífẹ̀ ojú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn okùn á gba orí ọrùn wá, wọ́n á gùn lé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró ṣánṣán lórí awọ. Bíríìjì làwọn onígìtá ń pe igi yẹn. Bí ìka bá ta okùn, okùn á gbọn bíríìjì, bíríìjì á gbọn awọ, awọ á sì ti afẹ́fẹ́ jáde. Ohùn dé nìyẹn.

Gìtá ò rí bẹ́ẹ̀. Pákó ló ń gbọ̀n lára gìtá, pákó sì wúwo ju awọ lọ. Ó máa ń lọ́ra kó tó jí, tó bá sì jí, kì í tètè sùn, ìdí nìyẹn tí ohùn gìtá fi máa ń fà. Awọ fúyẹ́. Ó ń jí kíá, ó sì ń kú kíá. Bí òkúta wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ sórí páànù ni ohùn báńjò ṣe rí: tan, tan, tan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó tún ń dún sókè ju gìtá lọ dáadáa. Gòjé tiwa náà, ìlù olókùn ni: igbá, awọ, irun ẹṣin. Ọrun la fi ń fa ti gòjé, ìka la fi ń ta ti báńjò.

Ta ló ni ín?

Inú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dùn tí mo bá ní Áfíríkà ni báńjò ti ṣẹ̀ wá, wọ́n á sì bi mí bóyá Yorùbá ló ni ín. Rárá o. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí erékùṣù Kàríbíánì àti Amẹ́ríkà ló fi igbá, awọ àti igi ṣe é níbẹ̀, wọ́n ń rántí ohun tí wọ́n ti ń ta nílé. Èyí tó jọ ọ́ jù lọ tó ṣì wà lónìí ni akonting ti àwọn Jola ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà: okùn mẹ́ta, igbá, awọ, ọ̀kan nínú àwọn okùn náà sì kúrú ju ìyókù lọ. Ẹ fi okùn kúkúrú yẹn sọ́kàn, à ń padà bọ̀ wá bá a. Láàrin àwọn ọdún 1830 ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ Joel Sweeney gbé e káàkiri orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, látìgbà náà làwọn èèyàn ti ń rò pé tòyìnbó ni.

Ó padà wá bá wa ní Èkó. Túndé King, tí wọ́n kà sí baba orin jùjú, báńjò ló ń ta ní àwọn ọdún 1930. Àyìndé Bákàrè náà, báńjò kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ò le. Kò sí máìkì níbi ìnáwó nígbà náà. Ta ló fẹ́ gbọ́ gìtá onípákó láàrin ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù àti ariwo àwọn tó ń mu ẹmu? Báńjò nìkan ló lè là á já. Lọ́dún 1949 ni Bákàrè bọ́ sórí gìtá oníná, báńjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá díẹ̀díẹ̀ nínú jùjú. Bó ṣe di pé ẹ̀rọ lè gbé ohùn gìtá sókè, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba báńjò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìjàngbọ̀n oníbáńjò òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Ohun èlò tí wọ́n ṣe fún ayé tí kò ní máìkì ló ń gbé wá síwájú máìkì.

Okùn mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà: èwo ni èwo?

Olókùn 6 ló rọrùn jù láti ṣàlàyé. Bí wọ́n ṣe ń yí okùn gìtá gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń yí tirẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ gìtá, tó kàn fẹ́ kí ohùn rẹ̀ le bíi ti báńjò, tirẹ̀ ni. Irú rẹ̀ ni Túndé King lò, irú rẹ̀ náà sì ni ọmọ àdúgbò wa rà.

Olókùn 4, àwọn oníjáàsì àtijọ́ àtàwọn ará Áyálándì ló fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi ike pẹlẹbẹ kékeré kan gbá a ni. N ò ní pẹ́ níbẹ̀ torí n kì í ta á.

Olókùn 5 ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀, òun lẹ ń gbọ́ nínú ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Okùn karùn-ún ò dé orí ọrùn. Ojú ọ̀nà ló ti dúró, ó ní èèkàn tirẹ̀ níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, òun tó kúrú jù ló sì ní ohùn tó lọ sókè jù. Òkè pátápátá ló wà, níbi tí àtàńpàkò wà, ibi tí onígìtá ti ń retí okùn tó nípọn jù. Ìyẹn ló ń da onígìtá láàmú nígbà àkọ́kọ́.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ dùndún ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìyáàlù bá ń sọ̀rọ̀, tó ń ki olówó, tó ń pa òwe, omele ò sọ nǹkan kan. Ohùn kan náà ló ń dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ oníjó ṣìnà. Omele inú báńjò ni okùn karùn-ún. Àwọn okùn yòókù ń kọrin, àtàńpàkò ń lu omele. Ẹnìkan ṣoṣo ló jókòó, ẹ̀ ń gbọ́ méjì. Báńjò olókùn 6 ò ní omele yẹn, ìdí nìyẹn tí ohùn inú fídíò ò fi lè jáde láéláé lára ti ọmọ wa, bó ti wù kó ta á tó.

Kí ló dé tí ẹ̀yìn òmíràn ṣí, tí tòmíràn dé?

Ẹ yí báńjò padà. Bẹ́ ẹ bá rí inú rẹ̀ gbayawu, bí ìgbà tẹ́ ẹ yọjú wo inú gúdúgúdú tí wọn ò tíì bo awọ rẹ̀, ẹlẹ́yìn ṣíṣí nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá rí pákó tó tẹ̀ bí àwo ọbẹ̀ tí wọ́n dé mọ́ ọn, ẹlẹ́yìn dídé ni.

Àwo yẹn ń gba ohùn tó fẹ́ bá ẹ̀yìn lọ, ó ń dá a padà síwájú sọ́dọ̀ àwọn èrò. Ohùn á le, á mú, á sì dé ọ̀nà jíjìn. Earl Scruggs, oníbáńjò Amẹ́ríkà tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olórin Bill Monroe lọ́dún 1945, irú rẹ̀ ló fi ń ta ìka mẹ́ta tó ń sáré bí òjò. Lára àwọn tó dára, wọ́n tún máa ń fi òrùka irin ńlá kan há abẹ́ awọ, kí ohùn lè dán sí i. Ohun tí èyí ń ná èèyàn ni ìwúwo: ẹlẹ́yìn dídé tó ní òrùka yẹn lè tó kílò 5. Ẹ gbé e kọ́rùn fún wákàtí méjì, ẹ wá fún mi lábọ̀. Ẹlẹ́yìn ṣíṣí fúyẹ́ jù ú lọ dáadáa, ohùn rẹ̀ tutù, ìdá kan nínú ohùn náà sì ń lọ sí ikùn ẹni tó ń ta á.

Èwo ló sàn lórí ìtàgé? Bẹ́ ẹ bá bi oníbáńjò mẹ́wàá, ẹ óò gbọ́ ìdáhùn mọ́kànlá. Èmi o, ẹlẹ́yìn ṣíṣí ni, n ò sì tíjú rẹ̀. Ohun tó sún mi débẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mú, ó ń ṣe ṣaa-ṣaa lókè níbi tí okùn irin báńjò náà ń gbé. Nígbà tí mo ń lo ẹlẹ́yìn dídé, ńṣe làwọn méjèèjì ń du àga kan náà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ìkankan nínú wọn yékéyéké. Ẹlẹ́yìn ṣíṣí sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó bọ́ sáàrin ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó wà lókè àti dùndún tó wà nísàlẹ̀. Rhiannon Giddens, ọmọ Amẹ́ríkà tó ta báńjò nínú orin Beyoncé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, máa ń gbé àwòkọ báńjò ọ̀rúndún 19 gun ìtàgé: kò ní irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tẹ okùn mọ́ lọ́rùn, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú un láti lo èyí tó ń pariwo.

Awọ tàbí ike?

Ibí yìí lẹ ti máa mọ̀ pé ìlù ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà kan, nínú oṣù kẹjọ tí àlejò máa ń kún Òṣogbo nítorí ọdún Ọ̀ṣun, wọ́n pè wá síbi ayẹyẹ kan lálẹ́. Abẹ́ kánópì la wà, òjò wínníwínní ń rọ̀. Báńjò tó ní ojúlówó awọ ni mo ń lò nígbà náà, mo sì ń fi ṣakọ. Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Láàrin ìkejì, mo ṣàkíyèsí pé mo wà nísàlẹ̀ ohùn olórin wa. Mo yí èèkàn. Kí n tó ta ẹsẹ̀ orin kan tán, ó ti tún sọ̀kalẹ̀. Àwọn okùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá irin ọrùn, wọ́n ń ṣe wìn-ìn-ìn bí eṣinṣin nínú ìgò. Mo wo ojú awọ: bíríìjì ti rì sínú rẹ̀ bí ẹni jókòó sórí ìrọ̀rí.

Bàbá onílù wa ò tiẹ̀ wo ojú mi. "Ìlù ẹ ti mumi." Nígbà tí atọ́kùn ètò gba máìkì, ó gbé ìyáàlù rẹ̀ lọ sí ìdí ààrò ìyá tó ń sun àgbàdo lẹ́yìn kánópì, ó ń yí i síwá sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ṣe ń yí àgbàdo. "Kí lò ń wò? Gbé tìẹ náà wá." Mo gbé e lọ. Awọ le padà, a padà sórí ìtàgé, orin méjì péré, ó tún ti rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju pé awọ ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, tó bá sì mumi, ó ń rọ̀. Nígbà ọyẹ́, òdìkejì rẹ̀ ni: á gbẹ, á le gan-gan, ohùn á lọ sókè, nígbà míì á ya. Onídùndún ní àtúnṣe tirẹ̀ lábẹ́ abíyá. Tí awọ bá rọ̀, á fi apá fún ọṣán mọ́ra sí i, orin á sì máa lọ. Irin kéékèèké tó há awọ báńjò tèmi mọ́lẹ̀ tó 24, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n sì fi ń mú wọn le níkọ̀ọ̀kan. Ta ló fẹ́ dúró dè mí?

Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò awọ, òun ló sì wà lójú ọ̀pọ̀ báńjò tẹ́ ẹ lè rà lónìí. Ike ò mọ òjò, kò mọ ọyẹ́. Ohùn rẹ̀ dán ju ti awọ lọ díẹ̀, kò sì gbóná tó o. Nínú ilé, tí mo bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, mo ṣì máa ń lo aláwọ mi. Òun ni èkejì tí ẹ ò máa ń rí lóde. Orí ìtàgé ní ìlú tó wà létí odò, tí òjò rẹ̀ kì í jáfara? Ike ni.

Kí ni mo ń kì sẹ́yìn rẹ̀?

Tawúẹ̀lì ni. Tawúẹ̀lì kékeré tí wọ́n pín níbi òkú ìyá àgbà kan, orúkọ ìyá náà àti "Sùn re o" ṣì wà lára rẹ̀. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní oògùn.

Ẹ gbé ìlù méjì sínú yàrá kan, kí ẹ lu ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan èkejì, ẹ óò rí i pé òun náà ń gbọ̀n. Awọ ń gbọ́ràn bí etí. Báńjò tó wà lórí ìtàgé ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú sípíkà, awọ rẹ̀ á tún gbọ̀n, máìkì á tún gbé ìgbọ̀n náà, sípíkà á tún pariwo rẹ̀, á máa yí po bẹ́ẹ̀ títí á fi di "hùn-ùn-ùn" tó ń jẹ́ kí gbogbo ìjọ di etí mú. Ẹ ti gbọ́ ọ níbi ìsìn. Gìtá náà lè ṣe é, àmọ́ báńjò ló yá lára jù, torí pé ìlù ni.

Ọ̀pá kan la inú báńjò ẹlẹ́yìn ṣíṣí kọjá. Àárín ọ̀pá náà sí awọ ni mo máa ń ki tawúẹ̀lì sí, kó kàn fara kan awọ fẹ́rẹ́, kó má tẹ̀ ẹ́. Ìgbọ̀n tí ò ní láárí á kú, ohùn okùn á kù. Onísọ́ọ̀kì wà, onífóòmù wà, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe. Ẹlẹ́yìn dídé ò ṣeé fi nǹkan kì bẹ́ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tú ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn sì tún jẹ́ kí n fẹ́ tèmi sí i.

Ní ti máìkì, èyí kékeré tó ń há mọ́ ara báńjò fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́, torí mo máa ń mira tí mo bá ń ta á, máìkì orí ọ̀pá ò sì lè máa tẹ̀ lé mi kiri. Àwọn kan ń lẹ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ awọ. Kì í ké hùn-ùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń dà bíi ti pẹ́pẹ́yẹ nígbà míì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kó má kọ sípíkà sí yín láyà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ dáadáa o, torí ọwọ́ rẹ̀ lẹ wà.

Ṣé ó yẹ kí ọrùn báńjò gùn?

Ó ku èyí tí kò kan ìlù, tó kan ọ̀fun. Pete Seeger, olórin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó kú lọ́dún 2014, ọrùn báńjò rẹ̀ gùn ju ti gbogbo èèyàn lọ. Irin tó máa ń wà lọ́rùn báńjò jẹ́ 22, tirẹ̀ jẹ́ 25. Àwọn kan rò pé àṣà lásán ni. Ẹ bi ẹgbẹ́ akọrin èyíkéyìí: nígbà tí orin bá ga jù, wọ́n á ní kí wọ́n sọ kíì rẹ̀ kalẹ̀. Dùùrù á ṣe é láìjanpata. Báńjò ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀, torí pé bí wọ́n ṣe yí okùn rẹ̀ ni àtàńpàkò àti omele rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọrùn tó gùn sí i yẹn jẹ́ kí gbogbo báńjò náà lápapọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ ohùn kéékèèké mẹ́ta, kí ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lè kọrin láìpariwo, kí àwọn èrò náà sì lè bá a gbè é. Olórin tiwa, obìnrin ni, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè bí àṣá. Kíní tó gùn yẹn ò lè ṣe wá láǹfààní.

Kí ni kí ọmọ yìí wá ṣe?

Ó fẹ́ tà á padà lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù. Mo mọ̀ pé ó ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti kékeré. Mo gba báńjò náà, mo yí okùn rẹ̀ bíi ti gìtá, mo dá a padà fún un. "Ta ohun tó o máa ń ta fún wọn níbi ọpẹ́." Ó kọ́kọ́ ń tijú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, tan, tan, tan, ohùn náà bọ́ sí ìta, ìyá aládùúgbò tó ń gé ẹ̀fọ́ lójúde gbórí sókè, ó ní, "Ẹ gbọ́, ṣé rédíò àtijọ́ lẹ tàn ni?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀yìn báńjò rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí. Ó ní òun fẹ́ sáré délé kan, pé tawúẹ̀lì òkú tí ìyá òun kó pa mọ́ ò ní í dín ní ogún.